Ìyàwó Tó Gbé Tíkẹ́ẹ̀tì Àlọ-Àbọ̀ Lọ sí Forestville

Ẹ̀yin ará Mọ́kọ́lá, ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí àti ẹ̀yin tí ẹ nà mí, èmi Mojísọ́lá ti dé o! Ọkọ mi náà wà níbí, ẹ ti rí i fúnra yín, ṣé ó ga àbí kò ga? Láti ọjọ́ tí a ti wọlé ni ẹ ti ń bi mí pé báwo ni mo ṣe rìn ín títí mo fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Tí mo bá sì ti la ẹnu, ẹnìkan á gbé mínírà wọlé, ẹlòmíràn á ní kí n kọ́kọ́ dìde kí òun wo bí mo ṣe sanra, ọ̀rọ̀ á yà síbòmíràn. Ó sú mi. Mo ti jókòó kọ ọ́ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó kà á. Ẹ má sì bi mí ní ibi tí mo ti pààrọ̀ ọkọ̀ àti aago tí ọkọ̀ gbéra, mi ò rántí. Inú mi ń dùn jù nígbà yẹn, ẹni tínú ẹ̀ ń dùn kì í wo aago.

*

Odindi iṣu

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀dá Láídé, ni mo wà ní Montreal, mò ń bá wọn tọ́jú ọmọ. Káyọ̀dé wá láti Amẹ́ríkà síbi ìkómọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, èmi ni mò ń bu ìrẹsì. Ó ní kí n fi ẹran kan kún un. Mo ní rárá. Ó ní kí ló dé? Mo ní ṣé òun nìkan ló ní ẹnu ni? Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. A fi káàdì fóònù sọ̀rọ̀ títí bọ̀dá mi fi ní ká kúkú fẹ́ra wa, kí etí òun lè sinmi. Káyọ̀dé kọ̀wé sí ìjọba wọn, wọ́n sì fún mi ní físà àfẹ́sọ́nà, èyí tí wọ́n máa ń fún obìnrin tó fẹ́ wọ Amẹ́ríkà wá lọ́kọ. Ìyẹn ni pé àlọ ni tèmi. Mò ń lọ sílé ọkọ, kò sí pé mò ń padà.

A dé ilé ọkọ̀ ojú irin láti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọbìnrin tó wà ní wíńdò fi Faransé bá wa sọ̀rọ̀, bọ̀dá mi fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, èmi fi ẹ̀rín tì í lẹ́yìn. Bọ̀dá ní àlọ nìkan la fẹ́. Ọmọbìnrin yẹn tẹ kọ̀ǹpútà, ó tún un tẹ̀, ó ní àlọ-àbọ̀ ló dínwó ju àlọ nìkan lọ.

"Báwo?" ni bọ̀dá mi wí. "Ẹni tó máa wọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ máa gba owó kékeré lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé bí ètò ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe rí nìyẹn, wọ́n ń wá èrò. Ó ní ká ra àlọ-àbọ̀, kí n lo àlọ, kí n gbàgbé àbọ̀, kò sẹ́ni tó máa wá mi wálé. Ká ṣáà mú ọjọ́ tí mo máa padà, kó má sì jìnnà jù.

Mo wo bọ̀dá mi, bọ̀dá mi wò mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí i: níbo ni ààbọ̀ iṣu ti wọ́n ju odindi iṣu lọ rí?

"Òyìnbó ló mọ ìdí ẹ̀," ni bọ̀dá mi wí, ó sì rà á. Ṣùgbọ́n mo rí i pé inú ẹ̀ ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbà tí a jáde sínú òtútù ló tó sọ ọ́. "Mojí, ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má baà rò pé ńṣe la kó ọmọ wa dànù. Ẹni tó bá fẹ́ fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ níbẹ̀, kó mọ̀ pé o nílé tí o lè padà sí."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Ọjọ́ àbọ̀ tí mo mú ńkọ́? Mo ṣáà fọwọ́ tọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí ojú mi kọ́kọ́ bà lé. Mi ò tiẹ̀ rántí pé Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìgbéyàwó mi.

*

Ọlọ́pàá bọ́dà

Ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan tàn yín pé ọkọ̀ ojú irin òyìnbó ń sáré. Èyí tí mo wọ̀ yẹn, ó ń rìn bí ìyá àgbà tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, gbogbo ojúlé ló fẹ́ yà kí. Ṣùgbọ́n ó lẹ́wà! Odò ń bá wa lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, òkè ń bá wa lọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ewé igi ti pọ́n bí ẹyìn. Mo fi imú tẹ gíláàsì títí ó fi kún fún èémí mi.

Ìyá òyìnbó arúgbó kan jókòó tì mí. Nígbà tó yá, ó yọ ẹyin bíbọ̀ kan nínú báàgì, ó wá yíjú sí mi, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé òórùn ẹyin yìí ò ní dà yín láàmú? Èmi tí ẹja díndín wà lábẹ́ àga mi láti àárọ̀! Mo ní rárá, mà, ẹ máa jẹ ẹyin yín. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bíi pé èmi ni mo yé e. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Wọ́n á tọrọ àyè kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ ara wọn, ṣùgbọ́n wọn ò ní fún ẹ jẹ o.

A dé bọ́dà, ọkọ̀ dúró, àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà wọlé. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ mi sanra, irun ètè ẹ̀ bo ẹnu ẹ̀, ojú ẹ̀ le.

"Níbo lò ń lọ?"

"Maryland, sà."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Ẹ̀rù bà mí, mo gbàgbé gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí Káyọ̀dé kọ́ mi lórí fóònù. Mo ní, "Mo fẹ́ lọ́kọ, sà!" Mo sì pariwo ẹ̀. Ẹ̀rín sọ nínú ọkọ̀.

Ó yẹ físà mi wò, ó dáa. Ó yẹ ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa fún mi wò, ó dáa. Ó wá mú tíkẹ́ẹ̀tì. Ó wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó.

"O fẹ́ lọ́kọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tí o máa fi padà."

"Ó dínwó ni, sà."

"Ọkọ náà ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

"Rárá, sà."

Ó fi irun ètè ẹ̀ bo ẹ̀rín. "Ká ní èmi ni ọkùnrin yẹn, mi ò ní sùn."

Àfi bí ìyá arúgbó yẹn ṣe dá sí i. Ó ní, "Fi ọmọ yẹn sílẹ̀! Gbogbo ìyàwó ló yẹ kó ní i lọ́wọ́. Ká ní mo ní i lọ́wọ́ nígbà tí mo fẹ́ ọkọ mi àkọ́kọ́!" Ọlọ́pàá ní, "Ìkejì ńkọ́, mà?" Ìyá ní, "Ti ìkejì, èmi ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un." Ẹ wá wo ọlọ́pàá tó ń rẹ́rìn-ín títí ikùn ẹ̀ ń mì. Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ fún mi, wọ́n ní kí n kí ọkọ.

Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni.

*

New Carrollton

Mo sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ bọ̀dá mi ní New York, mo wọ ọkọ̀ kejì lọ́jọ́ kejì, ó sì di New Carrollton, ibi tí wọ́n ti ń bọ́ sílẹ̀ fún Prince George's County. Mo sọ̀kalẹ̀, mo wò yíká, mo fẹ́ padà wọlé. Mo rò pé mo ti ṣìnà ni! Èèyàn dúdú. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, èèyàn dúdú. Ọlọ́pàá, èèyàn dúdú. Bàbá tó wọ kóòtù tó ń bínú sí fóònù, èèyàn dúdú. Obìnrin tó ń wa mọ́tò tó ń dán bíi dígí, èèyàn dúdú. Montreal tí mo ti ń bọ̀, tí mo bá rí èèyàn dúdú kan lójú pópó, àwa méjèèjì á mi orí síra wa. Tí mo bá ní kí n mi orí sí gbogbo àwọn ti New Carrollton, ọrùn mi ìbá já.

Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí gbá mi léjìká. "Ṣé kò sí wàhálà, béébì?" Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ọmọ kékeré kan wà níbẹ̀. Èmi ni! Wọ́n ń pe gbogbo ayé ní béébì níbẹ̀. Ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn pè mí ní béébì. Ìyá tó ń gbálẹ̀ pe ọlọ́pàá ní béébì, ọlọ́pàá sì dáhùn.

Káyọ̀dé wá ń bọ̀ nínú èrò. Mi ò ní sọ fún yín bí mo ṣe sáré. Àwọn bàbá mi wà lára ẹni tó ń kà á.

Ebi ń pa mí, ó yà síbi tí wọ́n ti ń ta adìyẹ díndín ní Seat Pleasant. Ẹ gbọ́ o, ẹni tó ń ta adìyẹ wà lẹ́yìn gíláàsì tó nípọn bí ti báǹkì! O máa kígbe ohun tí o fẹ́ jẹ wọlé, wọ́n á fi ihò kékeré tì í jáde sí ẹ. Mo bi Káyọ̀dé pé ṣé adìyẹ yẹn jalè ni? Ó ní kí n dákẹ́ kí n jẹun. Wọ́n da ọbẹ̀ pupa kan lé e tó dùn bí oyin tó sì ta díẹ̀. Háà! Mo lá bébà ẹ̀.

*

Omi lórí ẹsẹ̀

Forestville ni ilé Màmá Káyọ̀dé. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, bàbá ti kú, àwọn àti àbígbẹ̀yìn wọn obìnrin, Tólú, ni wọ́n ń gbé ibẹ̀. Káyọ̀dé ní ilé tiẹ̀ ní Oxon Hill, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní ọ̀dọ̀ àwọn ni mo máa wà títí di ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí mọ́tò ṣe dúró ni wọ́n jáde pẹ̀lú abọ́ omi. Mo kúnlẹ̀ sórí kọnkéré. Wọ́n ní kí n dìde, kí n bọ́ bàtà. Wọ́n da omi tútù sí mi lẹ́sẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà: ẹsẹ̀ rẹ á mọ̀ wá lára, o ò ní rìn kọjá ilé, ibi tí ẹsẹ̀ yìí bá wọ̀ ni yóò gbó sí. Mo ń ṣe àmín, eyín mi ń gbá ara wọn, torí òtútù wà níta o.

Bàbá Amẹ́ríkà tó ń gbá ewé ní ojúlé kejì dúró. "Ṣé ó fara pa ni, mà?"

"Rárá o," ni Màmá wí. "Ìyàwó wa ni. À ń kí i ni."

Bàbá yẹn rò ó wò. "Ìyàwó tèmi, òdòdó ni mo fún un." Ó tún ń gbálẹ̀ ẹ̀ lọ.

Ó wá ku Tólú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ àná ni wọ́n bí i. Mo ti ronú orúkọ fún un láti inú ọkọ̀, mi ò sì tíì rí i rí nígbà yẹn. Mo kúnlẹ̀ fún un, mo ní, "Ẹ kúulé o, Eyínfúnjowó mi."

Ló bá ya ẹnu. Wáyà irin kún inú eyín ẹ̀ lókè nílẹ̀! Dókítà ló fi í síbẹ̀ kí eyín ẹ̀ lè tò. Ó ní, "Mọ́mì, kí ló wí nípa eyín mi?" Màmá túmọ̀ ẹ̀ fún un. Ó ní, "Ṣé ó ń bú mi ni?" Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Ẹ rántí ẹ̀rín yẹn, torí kò pẹ́ tí mi ò rí i mọ́.

Inú yàrá Tólú ni mo máa sùn. Ó ń bá mi tú ẹrù, Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń yin aṣọ mi. Tíkẹ́ẹ̀tì já bọ́ láti inú Bíbélì mi. Tólú ṣà á, ó kà á sókè, òun rò pé ohun ayọ̀ ni. Ó ní, "Áà, ó ní tíkẹ́ẹ̀tì tó fi máa padà! Ọjọ́ Túsìdeè! Ìyẹn á ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ṣègbéyàwó."

Màmá gba tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n mú gíláàsì ojú wọn wá, wọ́n kà á. Mo ń ṣàlàyé: ó dínwó ni, mà, ọmọ tó ń tà á ló ní ká rà á bẹ́ẹ̀, bọ̀dá mi ní iyì ni fún mi, mi ò ní lò ó, mà. Wọ́n ń mi orí. Wọ́n dá a padà sínú Bíbélì mi, ojú ewé tó ti bọ́ gan-an ni wọ́n wá, bíi pé nǹkan ẹlẹ́gẹ́ ni.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́," ni wọ́n wí. "Sùn."

*

Àlejò

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di àlejò. Mo dìde kí n fọ abọ́, Màmá ní àlejò kì í fọ abọ́. Mo mú ìgbálẹ̀, wọ́n gbà á. Mo ní kí n bá wọn gún iyán, wọ́n ní ìyẹ̀fun ni àwọn ń rò, pé kí n lọ wo tẹlifíṣọ̀n. Àwo tó dáa jù ni wọ́n fi ń bu oúnjẹ fún mi, ẹran tó tóbi jù ni. Wọn ò bú mi, wọn ò lejú. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ ń kà á, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: ọjọ́ tí ìyá ọkọ bá ní kí o lọ gbé omi wá, o ti di ọmọ ilé. Èmi, wọn ò rán mi ní abẹ́rẹ́.

Mo sọ fún Káyọ̀dé. Ó gbé mi lọ jẹ akàn, torí wọ́n ní ẹni tó bá dé Maryland tí kò jẹ akàn kò tíì dé. Wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, wọ́n da akàn lé e, ó pupa, ata bò ó lára, wọ́n wá gbé òòlù kékeré fún mi. Mo ní kí ni màá fi òòlù ṣe? Ó ní kí n lù ú. Ẹ ò rí mi! Mo lu akàn, ó fò lọ sórí tábìlì ẹlòmíràn. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní, "Tìrẹ rèé, béébì."

Bí mo ṣe ń lu òmíràn ni Káyọ̀dé sọ ọ́.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí. "O ti rí i nínú fọ́tò. Ó ní òun ń kó àwọn ọmọ lọ kí ìyá òun ní Houston, fún ìgbà díẹ̀. Àlọ-àbọ̀ ni òun náà rà. Mọ́mì ló gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n dé, Mọ́mì se ìrẹsì, wọ́n lọ dúró dè wọ́n. Wọ́n dúró títí èrò fi tán."

"Wọn ò bọ̀?"

"Wọn ò bọ̀ títí di òní. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé àárín àwọn ò dáa, ṣùgbọ́n kò sọ fún Mọ́mì."

Mo gbé òòlù sílẹ̀. Mo ní, "Yéè, Káyọ̀dé! Ìwọ náà sì gbọ́ pé mo ra àlọ-àbọ̀, o ò sọ fún mi kí n jù ú nù!"

"Ìgbà wo lo sọ fún mi? Ọlọ́pàá bọ́dà mọ̀ kí n tó mọ̀!"

Kò parọ́ ṣáá.

Nígbà tí a délé, mo mú tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, mo lọ bá Màmá ní kíṣìnì, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mà, ẹ wò ó, màá ya á lójú yín báyìí."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Má ya á. Iyì tí ẹ̀gbọ́n ẹ fi wọ̀ ẹ́ nìyẹn, èmi ò ní kó o ya á."

"Mà, mi ò ní lò ó."

"Mojísọ́lá," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń já ewébẹ̀ wọn lọ, "ẹni tó ra àlọ-àbọ̀ tó sì fẹ́ lo ẹyọ kan, ta ló mọ èyí tó máa lò? Èyí tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, àlọ ló lò. Ìwọ lo mọ tìrẹ. Dìde, àlejò kì í kúnlẹ̀ ní kíṣìnì."

Mo wọ yàrá, mo sunkún díẹ̀. Tólú jókòó tì mí, ó nu ojú mi pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí n bá ẹ sọ fún Mọ́mì?" Mo ní, "Rárá, Eyínfúnjowó mi." Ó ní, "Jọ̀ọ́, má pè mí bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi."

*

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Màmá kan ilẹ̀kùn yàrá wa. Wọ́n ti wọṣọ jáde, wọ́n ti we gèlè, wọn ò lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní kí n wọ bàtà, kí n mú tíkẹ́ẹ̀tì mi dání. Mo ní, "Mà?" Wọ́n ní, "Ọkọ̀ ẹ kì í dúró deni."

Tólú wò mí, mo wo Tólú. Mo bọ́ sínú mọ́tò. Màmá ń wakọ̀, wọ́n ń fi àmì hàn kí wọ́n tó yà, wọ́n ń fún àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn láyè, bíi pé kò sí nǹkan kan. Mo ń ronú ohun tí màá sọ fún Bọ̀dá Láídé. Mo ń rò ó pé Sátidé ti dé tán, pé aṣọ funfun mi ń bẹ lára ìkọ́ ní Forestville, pé wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n gbé e. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kíyè sí i pé wọn ò jẹ́ kí n gbé nǹkan kankan. Kúlà kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn.

New Carrollton náà la tún dé. Wọ́n gbé kúlà, a gun òkè lọ síbi tí ọkọ̀ ti ń dúró. A jókòó sórí bẹ́ńṣì. Wọ́n gbé kúlà sí mi lẹ́sẹ̀.

"Oúnjẹ ọ̀nà ẹ rèé," ni wọ́n wí. "Mọ́ínmọ́ín àti ẹran díndín. Mi ò lé ẹ o. Tí ẹnikẹ́ni bá bi ẹ́, mi ò lé ẹ."

"Mà, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ìyàwó ọmọ mi àkọ́kọ́ náà, èmi ni mo gbé e lọ wọkọ̀. Ó ní, 'Màmá, mò ń bọ̀.' Mo ní kò burú, mo ju ọwọ́, mo sáré padà torí mo fẹ́ lọ síbi iṣẹ́." Wọ́n tún gèlè wọn ṣe, gèlè tí kò yẹ̀. "Ká ní ó ní 'ó dàbọ̀' ni, ǹ bá ti gbé àwọn ọmọ yẹn dání pẹ́ díẹ̀ sí i."

Ọkọ̀ ń bọ̀ lókèèrè. Mo ń gbọ́ ọ, ilẹ̀ ń mì.

"Gbogbo ọ̀rọ̀ mi ò ju ìyẹn lọ. Mi ò fẹ́ kẹ́nì kankan tún fi 'mò ń bọ̀' tàn mí. Ọkọ̀ tí tíkẹ́ẹ̀tì ẹ wí rèé. Tí o bá máa lọ, wò mí lójú kó o sọ pé ò ń lọ, màá gbàdúrà fún ẹ, màá sì bá Káyọ̀dé sọ ọ́. Kò ní sí ìjà."

Ọkọ̀ dúró níwájú wa, ilẹ̀kùn ṣí. Ó gbóná nínú ibẹ̀, mo rí àwọn tó ti jókòó. Ọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì yọrí, ó wo kúlà, ó wo gèlè, ó wo tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ ń wọlé ni?"

Màmá ò wò mí. Ojú irin ni wọ́n ń wò.

Mo ní, "Rárá, sà. A kàn wá wò ó ni."

"Ẹ wá wo kí ni?"

"Bó ṣe ń lọ."

Ó mi orí, ó ní ká máa gbádùn ẹ̀. Ilẹ̀kùn padé. Ọkọ̀ yẹn kọ́kọ́ fà díẹ̀díẹ̀, wíńdò kan kọjá, òmíràn kọjá, mo rí àga kan tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, mo ní tèmi nìyẹn, mo bá ju ọwọ́ sí i. Mo pariwo ní Yorùbá, "Ó dàbọ̀ o! Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Láídé!" Gbogbo èrò ibẹ̀ ń wò mí. Nígbà tí mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, Màmá náà ti dìde, àwọn náà ń ju ọwọ́, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ń kí àga òfìfo pé kó délé ire.

Ọkọ̀ lọ tán.

Mo ní, "Mà, ẹran inú kúlà yẹn ń ta sánsán sí mi láti ilé."

Wọ́n ní, "Kí lò ń retí? Ṣí i. Bù fún mi. Kó o sì lọ wá omi fún wa mu nísàlẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n fún ẹ ní olómi dídì."

Mo sáré. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fo àtẹ̀gùn yẹn ni, mi ò rìn ín! Wọ́n ti rán mi níṣẹ́!

Ibẹ̀ la jókòó sí, àwa méjèèjì, a ń jẹ oúnjẹ ọ̀nà láì lọ síbì kankan, títí fóònù Màmá fi dún. Tólú ti pe Káyọ̀dé níbi iṣẹ́. Mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí.

"Mọ́mì! Níbo lẹ gbé ìyàwó mi lọ?"

Màmá jẹ ẹran ẹnu wọn, wọ́n fara balẹ̀, wọ́n gbé e mì. "A wà ní New Carrollton."

"Ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ọkọ̀ ti lọ."

Ẹ ò gbọ́ igbe tí ọkọ mi ké! Ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀! Màmá fọwọ́ bo fóònù, ẹ̀rín ń pa wọ́n lọ, wọ́n ń gbá mi lórúnkún, wọ́n ní kí n dákẹ́, kí n má dá sí i. Ìgbà tí ẹ̀rín dáwọ́ díẹ̀, wọ́n tún gbé fóònù sétí.

"Káyọ̀dé, dákẹ́ ariwo. Ìyàwó wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹran tán. Mọ́ínmọ́ín kan ṣoṣo ló kù. Tí o bá sáré, wàá bá a."

Ó sáré o. Kò bá a.